Ẹṣin Ní Adójútòfò, Èmi Kò Ní

Ẹ dúró ná, Dókítà Renfro, ẹ má tíì palẹ̀ ẹ̀rọ yín mọ́. Ẹ ti ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ ẹṣin yìí, Clementine, èyí tí awọ rẹ̀ bó díẹ̀ àti èyí tí kò bó, nítorí pé Ìyáàfin Stallard tí ó ni ín fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó fara pa nínú ilé ẹṣin yìí láàárọ̀, ẹṣin ni àbí èmi tí mò ń kan bàtà mọ́ ọn ní pátákò?

Mo mọ̀ pé dókítà ẹranko ni yín, ẹjọ́ ẹṣin nìkan ni wọ́n sì rò fún yín. Mo há ẹsẹ̀ rẹ̀ sáàárín orúnkún mi, ìṣó kan ṣoṣo ni ó kù, ni obìnrin yìí bá wọlé tòun ti súìtì míńtì. Mo sì ti kìlọ̀ fún un títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé kí ó má ṣe tú súìtì nígbà tí mo bá di ẹsẹ̀ mú. Ẹṣin wo ní gbogbo Kentucky ni yóò gbọ́ tí ọ̀rá súìtì ń ró tí yóò dúró jẹ́ẹ́? Ó tú u. Clementine fò sí i, ó fi ọwọ́ mi gbá irin ńlá tí mo máa ń lu bàtà rẹ̀ lé lórí, ó sì jẹ súìtì náà. Ìyáàfin ní, "Yéè, ọmọ mi." Mo rò pé èmi ni, àfi ìgbà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ dì mọ́ ẹṣin lọ́rùn.

Ẹ ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn? Ẹ ṣeun. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n bi mí léèrè ẹni tí yóò sanwó kí wọ́n tó bi mí léèrè ibi tí ó ń dùn mí. Èmi ni ọ̀gá ara mi, èmi náà ni ọmọṣẹ́, kò sì sí èyí tí ó lè ra adójútòfò ìlera fún èkejì. Ìjọba ní ohun tí mò ń rí ti pọ̀ ju ti ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní kí n máa mú ohun tí ó ju owó ilé mi lọ wá lóṣooṣù, kí n sì kọ́kọ́ fi owó ara mi tọ́jú ara mi dé iye kan kí àwọn tó dá sí i. Agboòrùn tí kì í ṣí àfi bí òjò bá dá. Clementine ńkọ́? Kò níṣẹ́ méjì ju kí ó jẹ koríko, kí ó sì máa wo ènìyàn bí ẹni tí kò wẹ̀, ó ní adójútòfò.

Báńdéèjì tí ẹ rí lọ́wọ́ mi yìí, ti ẹṣin ni. Ìpara tí ẹ ń gbóòórùn, ti ẹṣin ni. Ẹ má díbọ́n, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa oníṣẹ́ yìí ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kò di òòlù mú mọ́, bí n kò bá sì di òòlù mú, kí ni n óò jẹ? Ẹ ṣáà sọ fún mi: ó kán ni, àbí ó kàn wú?

Ẹ fi ẹ̀rọ yín ya ọwọ́ mi, kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹ má wo ẹnu ọ̀nà, Ìyáàfin ti lọ wá súìtì mìíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé abo ẹṣin ni, ó pupa, Marlena ni orúkọ rẹ̀ bíi tèmi, alágídí ni.

Ẹ ṣeun. Kí n gbé e síbí?

Ẹ tún ti ń wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kejì, Dókítà. Ó kán, àbí? Ó dára, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe fún ẹṣin tí ó bá kán lẹ́sẹ̀: abẹ́rẹ́ ikú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pa Marlena rẹ́ kúrò nínú orúkọ àwọn ẹṣin, kí ẹ sọ mí di ènìyàn padà.