Ta Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́ Omi Bọ̀dá Olúṣèyí?

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ni Kíkẹ́lọmọ, àbúrò Bọ̀dá Olúṣèyí. Ìyá kan náà ló bí wa, èmi ni wọ́n bí tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ ní kí n má pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mú sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi ló kú.

Olóríkunkun ni Bọ̀dá mi. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ nítorí pé ó ti kú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Apòògùn ni, ó ní ilé tó dáa, ó ní ìyàwó tó mọ oúnjẹ í sè. Kí ló tún ń wá? Omi ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé ló ń wá!

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ canal yẹn, ẹ gbọ́. Ẹ̀yìn àdúgbò wọn ní Lithonia, nílùú òyìnbó níbí, ló wà. Odò àfọwọ́gbẹ́ ni. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni omi ń gbà láti inú odò ńlá, á lọ máa yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ òwú. Bọ̀dá mi ló lọ wádìí ẹ̀. Ó ní èèyàn dúdú ló gbẹ́ ẹ, ẹlẹ́wọ̀n ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ nínú oòrùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn kógbá sílé, wọ́n ti omi pa, ni aráyé bá sọ ibẹ̀ di ààtàn. Táyà, mátírẹ́ẹ̀sì, fìríìjì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì kiri nínú mall, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀fọn ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀fọn ibẹ̀ ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Mo bi í, mo ní, "Bọ̀dá mi, kí lẹ ń wá níbẹ̀ gan-an?" Ó ní, "Kíkẹ́, àwọn tó gbẹ́ odò yìí, kò síbi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Tá a bá tún jẹ́ kí ìdọ̀tí bo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí ló kù tá a fi máa mọ̀ pé wọ́n wà láyé rí?" Inú bí mi pé òótọ́ ló sọ.

Bó ṣe di ọ̀rẹ́ John nìyẹn. John ló jókòó lẹ́yìn yẹn, òun ni olórí ẹgbẹ́ tó tún canal ṣe. Ẹ kí i. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti ń bá wa jẹ mọ́ínmọ́ín láti àárọ̀. Gbogbo Saturday ni òun àti Bọ̀dá mi máa ń wọnú ẹrẹ̀. Yéjídé, ìyàwó wa, á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín kékeré o!" Bọ̀dá mi á rẹ́rìn-ín, á bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan Màmá Hephzibah, olórí aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Màmá, ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, tí wọ́n fẹ́ ṣí omi, Màmá kó ẹgbẹ́ aládùúrà, wọ́n lọ gbàdúrà létí canal kí iṣẹ́ náà lè yọrí sí rere. Àdúrà dáa. Ṣùgbọ́n ṣé àdúrà nìkan ni wọ́n gbà? Wọ́n da òróró ìyàsímímọ́ sí i! Kì í ṣe ẹ̀kán méjì o, ìgò ńlá ńlá! Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan dé láti ọ̀dọ̀ county, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ó wá yẹ omi wò. Ó rí nǹkan tó ń dán lójú omi, ó ní epo mọ́tò ló jò sí i, ó dá iṣẹ́ dúró. John fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gbogbo èèyàn ń ṣépè fún ẹni tó da epo.

Bọ̀dá mi wo ojú Màmá, ó ti yé e. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ó lọ gbé ìgò òróró kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e fún ọkùnrin yẹn, ó ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀, sà. Òróró ólífì ni. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí, àwọn èèyàn mi ló fẹ́ràn canal yìí jù." Wọ́n yẹ omi wò, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, iṣẹ́ bá ń lọ. Títí ó fi kú, kò fi ọ̀rọ̀ yẹn bú Màmá rí. Èmi ńkọ́? Èmi ì bá ti dárúkọ tipẹ́tipẹ́.

Omi ti ń ṣàn báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹja ti padà síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n lè sùn. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi. Orí ìṣó nílé Bọ̀dá mi ni mo ti mú un lánàá. Tí òjò ńlá bá ti ń rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn omi, kí omi lè ríbi gbà, kó má bàa ya wọ ilé onílé. Bọ̀dá mi ló ń ṣe é. John ní ẹni tó ń gbé nítòsí ló gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Tá a bá sìnkú tán lọ́la tá ò sì rí ẹni gbà á, wọ́n á ti omi pa. A tún padà sí táyà àti ẹ̀fọn nìyẹn.

Mo ti bẹ̀bẹ̀ títí. Uncle Shittu ní shift ò jẹ́ kóun ráyè. Adédayọ̀ ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún wo? Èyí tó fi ń jó ní ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn náà? Èmi fúnra mi, Grayson ni mo wà. Kí n tó dé ibẹ̀, omi á ti wọ pálọ̀ yín. Ẹ̀yin ará Lithonia, mo bẹ̀ yín, ta ni yóò gbà á? Ẹ dá mi lóhùn, ta ni yóò gbà á?

Yéjídé, ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ ti ṣe tìẹ. Tóbi ti tọ́jú yàrá dè ọ́ ní Buford, lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ ẹ. Kò sẹ́ni tó máa ní... Yéjídé, jókòó. Kí ló dé tó o dìde? Ó dáa, ó dáa. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ dákẹ́ fún un.

Há!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní, "Àǹtí, gbogbo òjò tó rọ̀ láti ìgbà tí Dádì Tóbi ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì hospital, ta lẹ rò pé ó ń lọ ṣí i?"

Àwa rò pé John ni. John náà rèé, wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, ó ń mirí, kì í ṣe òun. Yéjídé! Ìwọ nìkan? Nínú òjò? O ò sì sọ fún ẹnì kankan? Ó ní, "Dádì Tóbi nìkan ni mo sọ fún. Tí mo bá ti sọ ọ́ fún un, á sùn." Ó ní òun ò lọ Buford. Ó ní kí Tóbi máa wá kí òun.

Ìyàwó wa, wá gbà á. Má sunkún, mo bẹ̀ ọ́, tó o bá sunkún èmi náà á sunkún. Ó ti tán, mo ti ń sunkún.

Bọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi, ẹ máa lọ ire. Kí ọ̀nà yín dán, kẹ́ ẹ má pàdé ohun tó ń dẹ́rù bani lójú ọ̀nà. Ẹ kí ìyá wa. Ẹ sọ fún wọn pé Kíkẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ sùn dáadáa. Tí òjò bá rọ̀ lóru òní, Yéjídé wà nílé.