Bàtà Ijó Tí Mo Fi Ba Ẹsẹ̀ Ọmọ Ọlọ́mọ Jẹ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú mi kò ní jẹ́ kí n gbé e dé ọdún kẹwàá, nítorí náà ẹ jẹ́ n bì í sílẹ̀ lónìí, kó rùn bó bá ṣe fẹ́ rùn.

Ìyá Ayọ̀ọlá ni wọ́n ń pè mí. Ijó bálẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní pálọ̀ mi ní Ẹ̀sítéètì Ìbà, ijó òyìnbó tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń fi ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ dúró jó. Àwọn aládùúgbò ní irin ló wà nínú bàtà rẹ̀. Irọ́ ni. Aṣọ àti bébà ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ títí tó fi le. Ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ irin. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wọ ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó, ó di bí ọmọ bá tó bí ọdún méjìlá, tó sì ti fi bàtà pẹlẹbẹ kọ́ ijó náà fún ọdún mélòó kan. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀kan ló ṣe mí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tàwàkálítù. Sàdíátù, ìyá rẹ̀, ń ta wáyà iná ní Alábà. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n jó ju Ayọ̀ọlá ọmọ mi lọ, ìlara rẹ̀ sì ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan ní Erékùṣù Èkó wá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́fẹ̀ẹ́ nínú kíláàsì mi, mo ní ojú mi kọ́ ni ọmọ oníwáyà yóò ti gba ipò ọmọ mi.

Mo lọ ra bàtà àlòkù ní ọjà òkìrìkà ní Òkókómáìkò, èyí tí iwájú rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá. Mo dá ọmọ náà dúró lẹ́yìn kíláàsì.

“Ìwọ nìkan ló tó wọ̀ ọ́. Má sọ fún màmá ẹ o, ká fi yà wọ́n lẹ́nu.”

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi ìkà!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ní, “Ànńtì, ọrùn ẹsẹ̀ mi ń dùn mí.” Mo fọwọ́ bà á. Ó ti wú, ó gbóná. Abiyamọ gidi á bọ́ bàtà náà sọnù. Èmi ní, “Tí kò bá dunni, kì í ṣe bálẹ́ẹ̀.” Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba irọ́ yẹn gbọ́, mo sì mọ̀ pé òun náà á gbà á. Mo ní kó gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀, lọ́nà ọgbọ̀n, kó má di nǹkan kan mú. Èmi ni mò ń kà á. A ti dé orí méjìlélógún nígbà tí mo gbọ́ ‘kàù’. Ó ṣubú lulẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ má bínú, Ànńtì, mo máa tún un ṣe.”

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Sàdíátù sáré dé lórí ọ̀kadà, wáyà tó ń wọ̀n fún oníbàárà nígbà tí mo pè é ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Màmá Tàwà, ọmọ yín jí bàtà àwọn àgbà wọ̀ lẹ́yìn mi.”

“Olè! Nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ lóore!”

Ó fi wáyà náà nà án, ó nà án dé orí ẹsẹ̀ tó ti kán. Ọmọ náà ń wò mí. Mo ti ní kó má sọ fún màmá rẹ̀, kò sì sọ. Ó rò pé bí òun bá pa á mọ́, màá jẹ́ kí òun padà wá. Mo káwọ́ gbera, mò ń wòran. Ayọ̀ọlá ni wọ́n mú.

Tàwàkálítù ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí. Ó ń tiro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kúnlẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ìyá náà. Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ànńtì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mi ò jalè, tí wọ́n wá rántí wáyà yẹn, wọ́n máa kú. Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ olè lọ bẹ́ẹ̀.”

Nítorí náà, orúkọ èèyàn àti ti àdúgbò tí mo pè níbí, títí kan tèmi, kì í ṣe òótọ́, mi ò sì lè bẹ ìyá náà títí màá fi kú. Ẹ̀yin ọmọdé, bí olùkọ́ bá ní kí ẹ má sọ fún ìyá yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún un.