Gíláàsì Olójé tí Mo Gbé Sórí Tábìlì

Ẹ̀yin ará ìlú Sauteurs, ó tó gẹ́ẹ́. Ikú ti ń kan ilẹ̀kùn mi, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ojú mi ti di bàìbàì, nítorí náà Zelma Noel ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Òun gan-an sì ni mo ṣẹ̀.

Tísà sáyẹ́ǹsì ni mí. Búlọ́ọ̀kù gíláàsì kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní, tí àwọn ọmọ fi ń wọn bí gíláàsì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àgbàyà, mo fi fọ́ èso nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ó sì là sí méjì. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ má baà lé mi kúrò níṣẹ́, mo gbé gíláàsì tí bàbá mi fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ wá dípò rẹ̀. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọ́n po òjé mọ́ èyí, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá sì máa ń tẹ̀ ju ti gíláàsì lásán lọ. Mo mọ̀.

Nígbà ìdánwò, àwọn ọmọ lo gíláàsì náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n gún pínnì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fa ìlà wọn, gbogbo àwọn yòókù sì kọ 1.5 gẹ́gẹ́ bí iye tó fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Zelma nìkan ló kọ 1.66. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Tísà, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fà á."

Mo bi í lójú gbogbo kíláàsì bóyá ojú rẹ̀ fọ́ ni, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní òdo. Òdo yẹn ni wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí yóò ka sáyẹ́ǹsì síwájú. Ìyá àgbà rẹ̀ gbé búrẹ́dì àti kòkó gbígbóná wá bẹ̀ mí.

Ó ní, "Ọmọ yìí kì í purọ́, Tísà."

Mo jẹ búrẹ́dì náà, n kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ogójì ọdún ni Zelma ti fi ń ránṣọ. Òun náà ló ń se ọbẹ̀ kálálú fún mi báyìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, ojú sì ń tì mí. Ẹ̀yin tísà tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí iye tí ọmọ kan rí bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ kọ́kọ́ yẹ gíláàsì yín wò. Zelma, forí jì mí.

Zelma ti dá kíkọ dúró. Ó ní, "Nígbà náà, Tísà, iye tèmi tọ̀nà?"

Mo ní ó tọ̀nà.

Ó tún mú bírò rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, kí òun lè kọ ọ́ síbẹ̀ dáadáa. Ó tọ̀nà, Zelma.