Fíìmù Tí Mi Ò Wò Parí

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní eré ṣíṣe, ẹ sún mọ́ mi, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì yẹ kí n tún di ẹrù irọ́ lé e lórí mọ́. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní àjọ̀dún fíìmù àgbáyé yẹn? Báwo ni fíìmù Sùúrù ṣe pàdánù?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní àwa adájọ́ ti mulẹ̀ pé a ò ní sọ. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é.

Sùúrù là ń pe ọkùnrin náà, torí ó lè dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán kí oòrùn tó kan ògiri tó fẹ́ fi kámẹ́rà yà. Ẹ ò mọ̀ pé ọkọ mi ni tẹ́lẹ̀. Yàrá kan là ń gbé, kámẹ́rà rẹ̀ ló ń sùn lórí àga, àwa ń sùn nílẹ̀. Nígbà tí orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo jáde lọ láìdágbére. Mo fi aṣọ mi sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó kàn fẹ́ ra búrẹ́dì bọ̀. Àárò rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn òkìkí náà, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí n padà. Nígbà tí wọ́n wá fi mí ṣe adájọ́, tí mo rí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó gbé fíìmù wá, ó yẹ kí n sọ fún alága wa. Mo dákẹ́, torí mo fẹ́ fojú kàn án.

Ìtàn ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ já jù sílẹ̀ ni fíìmù náà. Mo mọ yàrá yẹn, mo mọ ibi tí ògiri rẹ̀ ti là. Obìnrin inú rẹ̀ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọkùnrin náà kó gbogbo aṣọ obìnrin yẹn, ó dà wọ́n láti ojú fèrèsé sójú títì. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo ní, "Ó wá tú mi síhòòhò lójú gbogbo ayé." Mo yọ́ jáde, mo lọ sunkún ní balùwẹ̀. Nígbà tí mo fi padà, gbogbo èrò ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Òfin wa ò ṣòroó yé: adájọ́ tí kò bá wo fíìmù dé òpin kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìbò. Lọ́jọ́ kejì, alága wa, bàbá kan tó máa ń bọ́ bàtà tó bá fẹ́ ronú, bi wá pé, "Ṣé gbogbo wa la wò ó parí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹnu yìí náà ni. Ìdajì àwọn yòókù fẹ́ fíìmù Sùúrù, ìdajì fẹ́ èyí tí ọmọbìnrin kan ṣe nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sin oyin. Ìbò tèmi ló kù. Alága ní, "Ìyá wa, ó kù sọ́wọ́ yín." Mo ní, "Fíìmù yẹn dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò sí ìdáríjì nínú rẹ̀." Ó wò mí, ó ní, "Ìparí rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Ìparí yẹn gan-an ló bà á jẹ́." Ó bá wọ bàtà rẹ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n kéde, fíìmù oyin ló gbégbá orókè. Ọmọbìnrin tó ṣe é ń wẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíì ni wọ́n pè. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ: "Ojúsàájú! Ẹ̀yin adájọ́, ṣé ẹ ń sùn ni?" Sùúrù ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Bí mo ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì, ó jókòó nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé ìjà ló wá jà. Mo dorí kodò, mo kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó láyà láti wo èyí tó kù nínú fíìmù náà. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì, ó ṣa aṣọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó fi í kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó kọjú sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo ní kò ní ìdáríjì nínú nìyẹn! Mo ké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀.

Mo wá a lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ tuntun, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló gbé omi fún mi. Nígbà tíyẹn wọlé, Sùúrù ní, "Àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ni mo wá gbà. Mo gbọ́ pé o wà lára adájọ́, mo ní tó o bá rí ìparí yẹn, wàá mọ̀ pé ìwọ ni mò ń pè. Mo dúró dè ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. O kọjá lára mi, mo sì mọ̀ pé o ti dá mi lóhùn. Mi ò bínú." Ẹ gbọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti burú jù nìyí: mi ò là á yé e. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò wò ó parí. Mo mu omi, mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọkùnrin tí mi ò kọ̀, mo jẹ́ kó gbà pé mo kọ òun.

Ẹ bá mi bẹ ọmọ tó ya oyin, torí èmi ni wọ́n ṣe bú u, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ẹ̀yin náà máa di adájọ́ lọ́jọ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn yín wọra, ẹ jókòó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Sùúrù ṣì wà láàyè. Mi ò ní kó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kàn bá mi sọ fún un pé mi ò rí ilẹ̀kùn yẹn. Ká ní mo rí i ni, ǹ bá ti wọlé.