Èlùbọ́ Orí Dígí

Ní ọdún tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, inú pijó tó ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan àti ìyá àgbà kan tó gbé àpò èlùbọ́ lé itan.

"Mama, ṣé ẹ̀yin lẹ ń sá iṣu sórí dígí tó wà lórí àpáta, nítòsí ilé ìwòsàn?"

"Èmi ni. Ṣé ó fọ́ ni?"

"Dígí yẹn ló ń gba iná lára oòrùn fún fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ yín! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú bátìrì palẹ̀ kí n tó gbójú sókè rí iṣu."

"O ò bi mí. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ń sá èlùbọ́ kí n tó wọlé ọkọ. Ẹ dé, ẹ to dígí síbẹ̀, ẹ tún fi wáyà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Mo ní, ìjọba yìí mà rò tèmi o!"

"Mama, oṣù kan la fi wọn oòrùn káàkiri ìlú kí a tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti mú jù."

"Oṣù kan? Ṣé ẹ ò rí èlùbọ́ nílẹ̀ ni?"

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi yà bàrá. Nígbà tí a dé Ganmo, létí Ìlọrin, ọmọkùnrin náà bi í:

"Ṣé ó tilẹ̀ ń tètè gbẹ?"

"Ọjọ́ méjì péré! Bó o bá ń bọ̀, bá wa gbé dígí mẹ́ta sí i wá. Ẹ lè mú ọ̀kan fún fíríìjì."