Bí Mo Ṣe Dá Iye Lé Iṣẹ́ Mi Àkọ́kọ́

Fi bírò yẹn sílẹ̀, ọmọ mi, kí o jókòó. O ní kí n kọ́ ọ ní iye tí wàá máa gbà, níwọ̀n ìgbà tí o ti fẹ́ máa bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó wọn láyè ara rẹ. Màá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́la ni dókítà fẹ́ la inú mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́-abẹ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún méjìlélógún. Ìyá Olóòótọ́ tí gbogbo ayé ń pè mí, irọ́ gbuu ni.

Nígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀ tí mo gba yàrá kan lókè ilé onífọ́tò láti máa ṣe irú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yìí, tábìlì kan àti àga méjì ni mo ní, mi ò sì mọ iye tí ènìyàn ń pè. Bí mo bá pe kékeré, ebi. Bí mo bá pe ńlá, wọn ò ní padà wá. Ni mo bá ṣòfin fún ara mi pé bí ìwé oníbàárà bá ṣe rí wúruwùru tó lowó mi máa ṣe pọ̀ tó. Òfin yẹn ò burú. Èmi ni mo burú.

Ìyá aránṣọ kan ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé páálí kalẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi ló tò ó, èmi ò yọjú sí i rárá. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ sì wá wo bó ṣe ń fi yangàn!” Mo ní kó padà wá gbọ́ iye lọ́túnla. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo ṣí páálí. Gbogbo rìsíìtì ọdún kan, oṣù sí oṣù, ó fi òwú pupa rán etí wọn pọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré! Kí ni mo fẹ́ gbà lórí ìyẹn, nígbà tí onílé ń retí mi? Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé òwú náà dànù, mo da ìwé sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì pò ó pọ̀ bí ẹni ń po símẹ́ńtì. Ọ̀sán gangan ni o. Ojú ò tilẹ̀ tì mí.

Nígbà tí ìyá padà dé, mo nawọ́ sí òkìtì náà, mo pe ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ. Kò ná an rárá. Ó kàn ní, “Háà! Mo ti ń fura pé iyè ọkọ mi ń rá. Ó gbàgbé iná lórí sítóòfù lọ́jọ́sí.” Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti lanu. Owó ni mo ń kà.

Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá, ó de táì mọ́rùn. Kò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò bá tìjà wá o. Ó ń ṣe mí bíi pé mo fi òwú pupa rán àwọn ìwé yẹn. Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o bá òwú níbẹ̀?” Òwú ọ̀hún ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ tábìlì. Mo ní, “Rárá, Bàbá. Kò sí òwú kankan níbẹ̀.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ń ṣàánú mi, wọn ò fẹ́ sọ ọ́. Ìwọ lo sọ òótọ́.”

Òun ló ń sọ ọ́ káàkiri pé olóòótọ́ ni mí. Orúkọ yẹn ló kó oníbàárà kún yàrá mi, òun ló rán ọ níléèwé. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, kò fọwọ́ kan ìwé mọ́, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta péré! Ó ṣì wà láyé. Bí o bá bi í bóyá ó ti jẹun, á kọ́kọ́ wojú ìyàwó rẹ̀ kó tó dáhùn. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo kí i, mo kọjá. Ìkà ni mí.

Iye tó bá wù ọ́ ni kí o pè, ọmọ mi. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á ná an. Ṣùgbọ́n má dá wàhálà sílẹ̀ kí o tún wá gbowó àtitún un ṣe.

Ó yá, gbé mi dìde. Mo fẹ́ kí o wa ọkọ̀ gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn kí n tó lọ sí ọsibítù. Màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí a bá sì débẹ̀ tí ẹnu mi kọ̀, bá mi sọ ọ́ fún un. Sọ pé, “Bàbá, kò sí ohun tó ṣe orí yín. Ìyá mi ló purọ́ fún yín.”