Ẹni Tó Ka Èsì Ẹ̀jẹ̀ Bùnmi

Ẹ yin Olúwa! Ẹ gbóhùn sókè, ẹ̀yin ará Ọ̀kà. Ọlọ́run tó ń gba ẹjọ́ ẹni tí gbogbo ayé ti dá lẹ́bi, o ṣé o. Mo ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ sáìtì fún ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìkàrẹ́, níbi tí ìjọ yìí ń rán àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí èsì wọn. Bí a bá tún nǹkan ṣe lórí sáìtì náà, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kí ó tó gbé e jáde fáráyé. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí a fi àyẹ̀wò mìíràn kún un, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa gbìyànjú láti jalè lórí sáìtì wa, kí a lè mọ ibi tó ń jò. Ó ní, "Ta ló fẹ́ wá jí èsì ẹ̀jẹ̀ ní Ìkàrẹ́?" Ó ní yóò kàn máa dá iṣẹ́ dúró ni.

Bùnmi tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ará Ùgbè wá ṣe àyẹ̀wò pọ̀. AS ni àwọn méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ wọn ò bára mu. Kí Bùnmi tó ráyè sọ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé Ùgbè.

Ta ni ẹ mú? Èmi! Màmá Bùnmi wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní, "Ìwọ tí mo bọ́ pẹ̀lú ọmọ mi, ìwọ lo tà á." Ẹ gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mi. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí n bẹ̀ wọ́n fún kí ni? Mo sunkún, mo gbàdúrà, mo tún bínú sí i.

Ọlọ́run wá rán mi létí àyẹ̀wò yẹn. Mo gbé e sórí ẹ̀dà sáìtì tí a fi ń dánrawò, ọ̀gá dúró tì mí. Kọ̀ǹpútà wọlé bí oníbàárà kan, ó yí nọ́ńbà tó wà lórí èsì rẹ̀ padà, èsì ẹlòmíràn sì jáde! Kọ̀ǹpútà ní òun ò ní gbé irú sáìtì bẹ́ẹ̀ jáde. Halelúyà!

Àwọn àfẹ́sọ́nà tó bá wá pọ̀, nọ́ńbà wọn máa ń tẹ̀léra. A wo àkọsílẹ̀ sáìtì, a rí i pé orí fóònù àfẹ́sọ́nà Bùnmi ni wọ́n ti ṣí èsì Bùnmi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba fóònù náà, ó fi ọ̀kan kún nọ́ńbà, ó ka ti Bùnmi. Nígbà tí wọ́n bi í, ó jẹ́wọ́. Ó ní ẹbí kan náà ṣáà ni àwọn fẹ́ dà.

Ọ̀gá mi tẹ̀ lé mi wá sí Ọ̀kà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Bùnmi: "Mà, sáìtì wa ló jò. Ọmọ yìí ti kìlọ̀ fún mi." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. A ti dí ihò náà. Ní báyìí, ohunkóhun tí a bá tún ṣe ò ní jáde àfi tí kọ̀ǹpútà bá ti gbìyànjú láti jalè níbẹ̀ tí kò rí nǹkan jí. Olúwa, o ṣé!

Ìwọ tí wọ́n ń parọ́ mọ́ níbi tí o jókòó sí, má sá nílùú. Sọ ohun tí o mọ̀, kí o sì di Ọlọ́run mú.

Pásítọ̀ ní kí n padà sí kíláàsì mi. Mo gbà. Mo ti dárí jì yín, inú mi ni kò tíì gbọ́. Àwọn ọmọ á bi mí pé níbo ni mo lọ. Mi ò ní parọ́ fọ́mọdé nílé Ọlọ́run. Kí àgbàlagbà kan nínú yín wá sọ fún wọn.